Kí A Tó Ra Jíípù Tòkunbọ̀ Olówó Ńlá

Ọkọ̀ gíga tí à ń pè ní jíípù ti pọ̀ ní ìlú wa. Àwọn oníṣòwò ń rà á. Àwọn agbaṣẹ́ṣe ń rà á. Àwọn olóyè àti àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ń rà á. Ọ̀nà wa kò dára, jíípù sì ga nílẹ̀. Ihò kì í tètè dá a dúró. Ó sì ní iyì. Bí ènìyàn bá gbé Lexus tàbí Range Rover dé ibi ìnáwó, ojú tí wọ́n á fi wò ó yàtọ̀. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n tuntun rẹ̀ wọ́n kọjá agbára ọ̀pọ̀ nínú wa. Èyí tí àwọn ènìyàn ti lò ní Amẹ́ríkà, ní Kánádà tàbí ní Yúróòpù ni à ń rà. Òun ni à ń pè ní tòkunbọ̀, bí a ti ń pe ọmọ tí wọ́n bí sí òkè òkun tí wọ́n sì gbé wá sílé. Ọmọ tó ń jẹ́ Tòkunbọ̀ a máa bá ìyá rẹ̀ wá, ìyá náà yóò sì sọ bí wọ́n ti ṣe tọ́jú rẹ̀. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ kò ní ìyá tí yóò sọ ìtàn rẹ̀ fún wa. Àwa fúnra wa ni yóò wádìí rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ nìyí: ọkọ̀ olówó ńlá a máa dín lówó bí ó bá ti ń gbó, ṣùgbọ́n ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í dín lówó bẹ́ẹ̀. Range Rover tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008 lè wálẹ̀ títí owó rẹ̀ yóò fi sún mọ́ ti ọkọ̀ kékeré lásán. Ẹni tó rà á yóò rò pé òun jèrè. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ lára rẹ̀ ni yóò mọ̀ pé owó Range Rover ni òun yóò fi tún un ṣe, kì í ṣe owó ọkọ̀ kékeré.

Ẹ jẹ́ kí a mú un pé ìyá oníṣòwò aṣọ kan yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀. Àwọn méjì ṣe onídùúró fún un. Ó fi owó náà kún èyí tó ti ń tọ́jú láti ọdún mẹ́rin, ó sì ra jíípù. Ní oṣù kejì, gíà kọ̀, kò wọlé mọ́. Mẹkáníìkì ní kí ó mú owó tó tó ìdá mẹ́ta owó ọkọ̀ wá. Owó ẹgbẹ́ kò dúró. Oṣooṣù ni wọ́n ń gbà á. Ọkọ̀ wà lábẹ́ igi ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì. Owó tí ìyá yìí ì bá fi ra ọjà kò sí mọ́, ìsọ̀ ń gbẹ, àwọn onídùúró náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí yan odì. Gbogbo èyí lè wáyé nítorí àyẹ̀wò ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò ṣe.

Ẹ ka nọ́ńbà rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé í kà, ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Kò ná yín ní kọ́bọ̀. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1981 ni ó ní nọ́ńbà ṣáàsí kan, tí lẹ́tà àti nọ́ńbà inú rẹ̀ jẹ́ 17. Ẹ ó rí i lábẹ́ gíláàsì iwájú, ní ìhà ọ̀dọ̀ awakọ̀. Ẹ ó tún rí i níbi tí ilẹ̀kùn awakọ̀ ti ń pa dé, lára bébà kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ibẹ̀. Ẹ mú bírò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ láti ibi méjèèjì. Lẹ́tà I, lẹ́tà O àti lẹ́tà Q kì í sí nínú nọ́ńbà yìí rárá, kí ó má bàa dà pọ̀ mọ́ 1 àti 0. Nítorí náà bí ẹ bá rí ohun tó rí róbótó, òdo ni, kì í ṣe O. Bí bébà tí wọ́n fi hàn yín bá ní O nínú, ẹni tó kọ ọ́ kò mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí kí ó jẹ́ pé ó mọ̀ ọ́n jù.

Èyí tó ṣáájú nínú rẹ̀ ń sọ ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe ọkọ̀ náà. J ni ti Jàpáànì. W ni ti Jámánì. Land Rover àti Range Rover tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SAL. Nọ́ńbà 2 ni ti Kánádà. 1, 4 àti 5 sì ni ti Amẹ́ríkà. Kí ó má ṣe yà yín lẹ́nu bí Lexus RX bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 2, nítorí láti ọdún 2003 ni wọ́n ti ń ṣe é ní ìlú Cambridge ní Kánádà pẹ̀lú. Bákan náà ni Mercedes ML máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 nígbà mìíràn. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti ń ṣe é. Ẹni tó bá sọ fún yín pé Mercedes tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 4 kì í ṣe ojúlówó kò mọ̀ ni.

Ẹ wá ka èyí tó ṣe ìkẹwàá. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà, òun ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀. 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009. Láti 2010 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo lẹ́tà: A ni 2010, B ni 2011, C ni 2012, D ni 2013. Bí ẹni tó ń ta ọkọ̀ bá sọ pé 2010 ni, tí ẹ sì rí 8, ẹ ti rí irọ́ kan. Ibi tí irọ́ kan bá wà, òmíràn lè wà níbẹ̀.

Bí nọ́ńbà tó wà lábẹ́ gíláàsì bá yàtọ̀ sí ti ilẹ̀kùn, wọ́n ti pààrọ̀ ilẹ̀kùn nítorí pé ọkọ̀ náà ti kọlu nǹkan, tàbí kí ó jẹ́ ọkọ̀ méjì tí wọ́n jó pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ tún fi wé èyí tó wà nínú ìwé aṣọ́bodè, lẹ́tà kan lẹ́yìn èkejì. Ìwé aṣọ́bodè kì í ṣe ohun tí à ń wò gààràgà. Láti oṣù kìíní ọdún 2017 ni ìjọba àpapọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ òfin pé kí wọ́n má ṣe gba ẹnubodè orí ilẹ̀ kó ọkọ̀ wọ Nàìjíríà, pé èbúté ọkọ̀ ojú omi ni kí wọ́n gbà. Ṣáájú ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ni ó ń ti Kùtọnu gba Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Bí wọn kò bá san owó aṣọ́bodè lórí ọkọ̀, tàbí tí ìwé rẹ̀ bá jẹ́ ayédèrú, àwọn aṣọ́bodè lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà. Ẹni tó tà á fún yín kò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbé ìwé náà lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí kí ẹ tó san owó.

Nọ́ńbà yìí tún wúlò fún nǹkan mìíràn. Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ó ń bójú tó ààbò ọkọ̀, tí à ń pè ní NHTSA, ní ibi kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn lè tẹ nọ́ńbà 17 náà sí. Yóò sọ bóyá àwọn tó ṣe ọkọ̀ ti ní kí wọ́n dá a padà fún àtúnṣe kan tí wọn kò ì tí ì ṣe. Ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ilé iṣẹ́ kan tún wà tí ń gba owó díẹ̀ láti sọ bóyá ọkọ̀ ti jàǹbá rí, bóyá omi ti gbé e rí, àti iye máìlì tó ti rìn. Ẹ ní kí ọmọ yín tó mọ fóònù lò bá yín tẹ̀ ẹ́. Owó náà kò tó owó táyà kan.

Ọkọ̀ tí omi ti gbé

Ní Amẹ́ríkà, bí ìjì líle bá jà ní etí òkun, omi a máa bo ọkọ̀ mọ́lẹ̀ lọ rẹpẹtẹ. Ó ṣẹlẹ̀ ní New Orleans ní ọdún 2005, ní New York ní 2012, ní Houston ní 2017. Àwọn ilé iṣẹ́ ìbánigbófò á san owó fún olówó ọkọ̀, wọn á sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta á ní gbàǹjo. Láti ibẹ̀, òmíràn lè wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á fi lọ́fínńdà sí i, yóò máa dán gbinrin.

Jíípù olówó ńlá ni omi ń ṣe ní jàǹbá jù. Wáyà àti kọ̀ǹpútà kéékèèké pọ̀ nínú rẹ̀, òmíràn sì wà lábẹ́ ìjókòó tàbí lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Omi iyọ̀ a máa jẹ ẹnu wáyà díẹ̀díẹ̀. Ọkọ̀ náà lè ṣiṣẹ́ dáadáa fún oṣù mẹ́ta, kí iná rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Ríwáyà yóò tún èyí ṣe lónìí, òmíràn á bàjẹ́ lọ́la.

Ẹ tì í ní fèrèsé pa nínú oòrùn fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ẹ ṣí i, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn aṣọ tí kò gbẹ dáadáa kì í pamọ́. Bí ó bá jẹ́ òórùn lọ́fínńdà ló kún inú rẹ̀, ẹ fura. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó títí yóò fi tán. Wọ́n a máa fọ ibi tó wà níta, ṣùgbọ́n àmì omi a máa wà ní ìsàlẹ̀ tó ká sínú. Ẹ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wo abẹ́ ìjókòó, kí ẹ wo irin tó dè é mọ́lẹ̀. Ìpẹtà ibẹ̀ kì í ṣe ti òjò. Ẹ gbé táyà àfipamọ́ inú búùtù, kí ẹ fi ìka kan abẹ́ rẹ̀. Iyanrìn tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ ń ṣe kí níbẹ̀?

Ẹ́ńjìnnì: ẹ bá a ní tútù

Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ti tan ọkọ̀ sílẹ̀ dè yín. Ẹ ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ láti alẹ́, kí ẹ dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ kùtù. Ẹ rọra fi ọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá gbóná, wọ́n ti ṣáájú yín. Ẹ lè gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí:

“Ọ̀gá mi, ẹ má yọra yín lẹ́nu jàre. Ọkọ̀ yìí, ẹ kàn fi kọ́kọ́rọ́ sí i ni, ó dilé. Màmá àgbà kan ló lò ó ní Amẹ́ríkà, ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ló ń gbé e lọ.”

“Ẹ ṣeun o, bọ̀dá. A ó padà wá lọ́la nígbà tó bá tutù.”

(Àwọn màmá àgbà Amẹ́ríkà yìí mà pọ̀ o! Ibi yòówù tí a bá lọ ra ọkọ̀, tiwọn ni a ń bá níbẹ̀.)

Kí ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí iná dáṣíbọ́ọ̀dù yóò tàn, kí ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ wo iná tó ní àwòrán ẹ́ńjìnnì, iná bíréèkì ABS, àti iná báàgì afẹ́fẹ́. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn. Lẹ́yìn tí ẹ bá tan ọkọ̀, kí wọ́n kú. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé iná tí kò kú kò dára. Ṣùgbọ́n iná tí kò tàn rárá burú jù ú lọ, nítorí ẹnì kan ti yọ gílóòbù rẹ̀ tàbí kí ó ti bò ó mọ́lẹ̀, kí ẹ má bàa rí àìsàn ọkọ̀.

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì wàyí, kí ẹ pa ẹnu mọ́, kí ẹ fetí sílẹ̀. Ìró bíi ti ṣéènì tí ń lu agolo ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ kò dára. Ìró yìí ni a mọ̀ mọ́ Range Rover ẹ́ńjìnnì 5.0 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe fún ọdún 2010. Ṣéènì táímìn rẹ̀ a máa dẹ̀, ike tó ń tọ́ ọ sọ́nà a sì máa jẹ. Bí ó bá já tàbí tí ó fò kúrò ní ipò rẹ̀, ẹ́ńjìnnì lè run. Àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, kì í sì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì tí kò tíì ṣí irú rẹ̀ rí.

Mercedes ML 350 ti ọdún 2006 àti 2007 náà ní tirẹ̀. Irin eléyín kan wà nínú ẹ́ńjìnnì àwọn kan nínú wọn tí ó tètè ń jẹ. Irin náà kò tóbi, ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó lè dé ibẹ̀, ó di dandan kí wọ́n sọ gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Iná ẹ́ńjìnnì tó ń tàn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún yín. Nítorí náà bí ẹ bá rí iná yìí lára ML, tí ẹni tó ń tà á sì sọ pé “sẹ́ńsọ̀ lásán ni”, ẹ ní kí ó lọ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ náà kí ẹ tó san owó.

Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ pẹ̀lú. Èéfín aláwọ̀ búlúù túmọ̀ sí pé ọkọ̀ ń jó ọ́ìlì. BMW X5 tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ V8, 4.4 tàbí 4.8, a máa ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá ti gbó. Kò ní hàn bí ẹ bá kàn tàn án tí ẹ sì pa á. Ẹ jẹ́ kí ó gbóná, kí ó dúró sójú kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ wá tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ọn. Bí kùkù búlúù bá jáde, rọ́bà kékeré tó wà lára fáàfù rẹ̀ ti le. Rọ́bà kékeré, owó ńlá. Èéfín funfun tó nípọn tí kò sì tán lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti gbóná túmọ̀ sí pé omi ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Èéfín dúdú ni ti epo tó pọ̀ jù. Òun ló fúyẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ yọ irin tí a fi ń wo ọ́ìlì. Kí ọ́ìlì má ṣe ki bí ọ̀dà. Bí ẹ bá ṣí ìdérí ibi tí à ń da ọ́ìlì sí, tí ẹ rí ohun tó funfun tó sì dà bí ẹ̀kọ mímu, ó ṣeé ṣe kí omi ti bá ọ́ìlì pàdé. Ẹ máa lọ sí ilé.

Lexus ni àwọn ènìyàn wa fẹ́ràn jù, wọn kò sì jẹ̀bi. Ó lágbára, ẹ̀yà ara rẹ̀ kò ṣòro rí ní Ládípọ̀ ní Èkó tàbí ní Àgódì Gate ní Ìbàdàn. Síbẹ̀ ó ní ibi tí ó yẹ kí a wò. RX 300 àtijọ́, ti 1999 dé 2002, wà nínú àwọn ọkọ̀ tí ọ́ìlì wọn máa ń dì bí ògì nínú ẹ́ńjìnnì bí wọn kò bá ń pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Ní ọdún 2002, Toyota tó ń ṣe Lexus gbà láti bá àwọn olówó ọkọ̀ tí èyí ṣe tún un ṣe. Gíà RX 300 náà kò lágbára tó ẹ́ńjìnnì rẹ̀. RX 330, ti 2004 sí 2006, ń lo bẹ́líìtì táímìn. Máìlì 90,000 ni wọ́n ní kí a pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Bí kò bá sí ẹ̀rí, ẹ kà á sí pé wọn kò ṣe é, kí ẹ yọ owó rẹ̀ nínú owó ọkọ̀. GX 470 náà ń lo bẹ́líìtì. RX 350, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2007, ń lo ṣéènì, kò nílò pípààrọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n lára àwọn àkọ́kọ́ nínú rẹ̀, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gbé ọ́ìlì, tí apá kan rẹ̀ jẹ́ rọ́bà. Bí rọ́bà yìí bá bẹ́, ọ́ìlì á dà sílẹ̀ tán ní ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì kú lórí ìrìn. Àwọn tó ṣe é ti gbé ọ̀pá tó jẹ́ kìkì irin jáde láti fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ní kí mẹkáníìkì wò ó. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà ló ṣì wà níbẹ̀, kì í ṣe ohun tí ó yẹ kí ẹ tìtorí rẹ̀ sá. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ẹ bá rà á.

Omi àti ooru

Ọkọ̀ tí kò yọnu ní ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ lè yọnu nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ọjọ́ta. Ike ni wọ́n fi ṣe púpọ̀ nínú ọ̀pá omi àwọn ọkọ̀ Yúróòpù. Ike a máa gbẹ, a sì máa sán. Porsche Cayenne V8 ti 2003 dé 2006 ní irú ọ̀pá ike bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ẹ̀yà òkè ẹ́ńjìnnì rẹ̀, níbi tí ojú kò tó. Ẹ béèrè bóyá wọ́n ti fi ti irin álúmíní rọ́pò rẹ̀. Agolo omi BMW X5 náà a máa sán, àti ike rédíétọ̀ rẹ̀.

Kí ẹ ṣí ìdérí rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù nìkan, nítorí omi gbígbóná ibẹ̀ lè bó ènìyàn lójú. Omi aláwọ̀ pupa, àwọ̀ ewé tàbí búlúù ni ó yẹ kí ẹ rí. Bí ó bá jẹ́ omi kànga lásán, tàbí omi tó ní ìpẹtà, ẹnì kan ti ń bu omi sí i nítorí pé ó ń jò. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú lẹ́yìn tí ẹ bá ti tàn án fún ogún ìṣẹ́jú. Omi tó ń kán láti ara ẹ̀rọ amúlétutù kò burú. Omi tó ní àwọ̀ burú.

Ṣọ́ọ̀kì afẹ́fẹ́

Ibí yìí ni owó púpọ̀ ń bá lọ. Range Rover, Land Rover LR3, Mercedes GL àti àwọn ML kan kò gbé ara wọn lé irin wíwẹ́ bíi ti ọkọ̀ mìíràn. Báàgì rọ́bà tó kún fún afẹ́fẹ́ ni wọ́n gùn lé, ẹ̀rọ kékeré kan ló sì ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i. Lexus GX 470 ní i lẹ́yìn. Ó rọ̀ lórí ìrìn bí ẹní gùn ìrọ̀rí. Ṣùgbọ́n rọ́bà ni, rọ́bà a sì máa gbó. Bí ó bá ń jò, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ afẹ́fẹ́ kò ní sinmi mọ́, òun náà yóò jó. Báyìí ni àìsàn kan ṣe ń di méjì.

Òru ni ó ń tú àṣírí rẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ tí ẹ bá ọkọ̀ tí igun kan rẹ̀ wálẹ̀, tí ó dúró bí ẹṣin tó ń sinmi ẹsẹ̀ kan, báàgì igun náà ń jò. Ẹ tàn án, kí ẹ tẹ ohun tí wọ́n fi ń gbé e sókè sódò. Kí ó gòkè láìpẹ́, kí ó sì wálẹ̀ déédé, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹ tún kíyè sí i bóyá wọ́n ti yọ báàgì náà, tí wọ́n ti fi irin wíwẹ́ rọ́pò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní ìlú wa ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. A kò rí ohun tó burú nínú rẹ̀ bí wọ́n bá ṣe é dáadáa. Ọkọ̀ yóò le díẹ̀ lórí ìrìn, ṣùgbọ́n ẹ ó sùn. Ohun tí a kò fẹ́ ni kí wọ́n gba owó báàgì lọ́wọ́ yín nígbà tí ó jẹ́ irin ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Gíà, àti ìrìn ìdánwò

Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ fa gíà láti P sí R, kí ẹ fà á sí D. Kí ó wọlé kíá, láìgbá yín. Bí ó bá ń rò ó kí ó tó wọlé, tàbí tí ó dún gbì, gíà náà ti ń rẹ̀. Ẹ wà á jáde fún ìdajì wákàtí, kí ó gbóná, kí ẹ wá ibi tó ga bí òkè Mápó tàbí Mókọ́lá. Gíà tó ń yọ̀, tí ẹ́ńjìnnì ń ké tí ọkọ̀ kò sáré, ẹ má gbà á. Lójú ọ̀nà tó tẹ́jú, ẹ fi ọwọ́ fúyẹ́ mú sítíárìn. Kí ọkọ̀ má ṣe fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ní ti iye tó ti rìn, ẹ rántí pé máìlì ni ti Amẹ́ríkà, kìlómítà ni ti Kánádà àti Yúróòpù. Wọ́n lè dá a padà sẹ́yìn. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún mẹ́wàá ní Amẹ́ríkà yóò máa sún mọ́ máìlì 120,000. Bí ó bá ní 45,000, tí bíréèkì ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti dán tí awọ sítíárìn rẹ̀ ti bó, èwo ni kí a gbà gbọ́?

Báàgì afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gba ẹ̀mí là

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó mọ́. Báàgì kan wà nínú sítíárìn, òmíràn wà níwájú ẹni tó jókòó ti awakọ̀. Bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, yóò fẹ́ jáde kíá láti gba orí àti àyà. Ilé iṣẹ́ Takata ní Jàpáànì ṣe ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ fún oríṣiríṣi ọkọ̀. Kẹ́míkà tó wà nínú àwọn kan a máa bàjẹ́ bí ó bá pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin. Nígbà tó bá fẹ́ jáde, dípò kí ó gba ènìyàn, yóò fọ́, yóò sì ju irin wẹ́wẹ́ sí ojú àti ọrùn. Ó ti pa ènìyàn ní ilẹ̀ púpọ̀. Wọ́n dá àìmọye ọkọ̀ padà fún àtúnṣe, ilé iṣẹ́ náà sì wọ gbèsè tó fọ́ ọ ní ọdún 2017. Àwọn kan nínú BMW X5 wà nínú rẹ̀, àti Lexus GX 460. Ooru àti ọ̀rinrin náà nìyẹn, tí kì í wọ́n wa níhìn-ín. Ìdí nìyí tí a fi sọ pé kí ẹ tẹ nọ́ńbà 17 náà wò.

Ẹ tún fi ọwọ́ pa dáṣíbọ́ọ̀dù, kí ẹ sì wo àárín sítíárìn. Bí báàgì bá ti bẹ́ rí, àwọn kan á rán ojú ibẹ̀ tàbí kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, kò ní sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

Mẹkáníìkì yín, kì í ṣe tiwọn

Ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, ẹni tó mọ irú ọkọ̀ náà, kí ó mú ẹ̀rọ tí wọ́n ń tẹ̀ bọ abẹ́ sítíárìn dání. Láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti ní ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ bọ̀. Ẹ̀rọ náà yóò ka àìsàn tí ọkọ̀ ti kọ sílẹ̀. Ẹni tó ń ta ọkọ̀ lè yọ wáyà bátìrì ní àárọ̀ kí ó lè pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Nítorí náà ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ṣáájú ìrìn ìdánwò àti lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ bá mẹkáníìkì dá owó iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ sọ fún un pé ẹ ó san án, bí ẹ ra ọkọ̀ bí ẹ kò rà á. Bí ẹ kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè máa retí owó kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, ẹnu rẹ̀ kò sì ní tú sílẹ̀.

Ẹ kọ gbogbo àléébù tó bá rí sí orí bébà, kí ẹ kọ iye owó tí yóò tún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síwájú ẹni tó ń ta ọkọ̀. Ohun tó wà lórí bébà ṣòro láti fi ẹ̀rín gbé dànù. Bí ó bá dín owó kù títí ó fi kárí àtúnṣe, ẹ lè rà á. Bí ó bá bínú, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ máa lọ. Bí ẹ bá rà á, ẹ pa ìdá kan nínú márùn-ún owó ọkọ̀ mọ́ sápá kan fún ọdún àkọ́kọ́. Kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà àti omi rédíétọ̀ kí ẹ tó gbé e rin ìrìn àjò, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ṣe é àti máìlì tó wà lójú rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀.